Ìtọ̀ Tó Ń Já Kì Í Ṣe Jẹ̀díjẹ̀dí: Ìkìlọ̀ fún Àwọn Ìyá ní Ìmẹ̀kọ àti Agbègbè Rẹ̀

Bí ẹ bá dé ọjà Ìmẹ̀kọ, ẹ fara balẹ̀ wo obìnrin tó fẹ́ gbé àpò láfún ru. Kó tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò tún ìró so, yóò fún itan méjèèjì pọ̀, yóò di èémí mú, kó tó wá gbé e. Bí ikọ́ bá mú un lójijì, á yára jókòó sórí àpótí. Bí wọ́n bá dá àpárá tí gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín, á fi ẹsẹ̀ kan kọ́ èkejì. Aṣọ dúdú ló máa ń wọ̀ jáde, ìró méjì ló sì ń ró bí oòrùn tilẹ̀ ń mú ganrínganrín. Àwọn tí wọ́n jọ ń tajà rò pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ìtọ̀ ló ń já mọ́ ọn lára. Ó ti lé lọ́dún mélòó kan báyìí, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ọkọ rẹ̀ pàápàá kò gbọ́.

Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ wà l'Áfọ̀n, wọ́n wà ní Ìlárá, ní Ìdọ̀fà, ní Ìwóyè, títí lọ dé Ayétòrò àti Ìlarò. Ẹ sọdá sí Kétu lápá Bẹ̀nẹ̀, ẹ óò bá wọn níbẹ̀. Ẹ wọkọ̀ òfúrufú lọ sí London, ẹ óò bá wọn níbẹ̀ náà. Ibi gbogbo tí obìnrin ti ń bímọ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Ohun tó mú mi kọ ìkìlọ̀ yìí ni pé ìtọ́jú rẹ̀ wà, kò sì gbówó lórí, síbẹ̀ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò nílé ń ba ara wọn jẹ́ ju àìsàn náà lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí jẹ̀díjẹ̀dí, torí òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń di ẹrù náà lé lórí. Bí ẹ̀yìn bá ń dun èèyàn, jẹ̀dí ni. Bí ọkùnrin kò bá le, jẹ̀dí ni. Bí obìnrin bá ní ìsàlẹ̀ òun ń wúwo, bíi pé nǹkan fẹ́ já bọ́ lábẹ́ òun, wọ́n á ní jẹ̀dí rẹ̀ ti gbó. Ìyá alágbo tó ń kiri ní gáréèjì á bu ife kan fún un. N kò bá àgbo ṣọ̀tá o. Àgbo là ń mu dàgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àgbo jẹ̀dí ló máa ń ṣí inú. Ẹni tí iṣan tó ń di ìgbẹ́ àti ìtọ̀ mú ti dẹ̀, tó tún lọ mu ohun tó ń ṣí inú, kí ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀? Èyí tí wọ́n fi ọtí òyìnbó tàbí ògógóró rẹ tún burú sí i, nítorí ọtí a máa mú ìtọ̀ pọ̀. Ìyá náà á mu ún tán, á máa sáré lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n á sì ní àgbo ń ṣiṣẹ́.

Kí wá ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an? Ní ìsàlẹ̀ ikùn wa, láti egungun tó wà lókè abẹ́ níwájú títí dé ìrù egungun ẹ̀yìn ní ìdí, àwọn iṣan kan tẹ́ síbẹ̀ bí ọ̀já tí a fi pọn ọmọ. Orí wọn ni àpòòtọ̀ jókòó lé, òun àti ilé-ọmọ àti ibi tí ìgbẹ́ ń gbà. Àwọn ló ń fún ẹnu ọ̀nà wọn pa, tí ìtọ̀ kò fi ń já nígbà tí a bá sín tàbí tí a bá fò. Bí ọ̀já bá le dáadáa, ọmọ kì í yọ̀ sílẹ̀. Bó bá dẹ̀, ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin náà ní àwọn iṣan yìí. Ti obìnrin ló ń rí ìyà jù, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ ń gbà jáde.

Oyún fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ wọ́n fún oṣù mẹ́sàn-án. Ìrọbí tó pẹ́ jù ń fà wọ́n, nígbà mìíràn ó ń ya wọ́n. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá tó ń gbẹ̀bí nílé àti ní ilé àdúrà ti gbọ́ mi dáadáa. Ẹ má ní kí aboyún máa tì kí ọ̀nà tó ṣí tán. Ẹ má gun ikùn, ẹ má sì fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí ọmọ lè yára wá. Bí ìrọbí bá ti ń pẹ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ọ̀nà láti inú oko wá sí Ìmẹ̀kọ kò dára, mo mọ̀, ọ̀kadà lóru sì ṣòro láti rí. Ìdí nìyẹn tí ètò ọkọ̀ fi gbọ́dọ̀ wà kí oṣù tó pé.

Lẹ́yìn ìbímọ, ẹrù ló kù. Kẹ́ẹ̀gì omi onílítà 25, kìlógíráàmù 25 ló wúwo, ká má tíì ka ti kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀. Obìnrin tó bímọ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ń gbé e láti ẹnu kànga dé ilé, lẹ́ẹ̀mẹ́rin lẹ́ẹ̀márùn-ún lóòjọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọ tún wà lẹ́yìn. Ìgbà tó bá tún di ìgbà ìkórè, igi ìdáná àti ẹ̀gẹ́ á tẹ̀ lé e. Ikọ́ tí kò lọ bọ̀rọ̀ àti ìgbẹ́ tó le tí èèyàn ń rún pá láti yà wà lára ohun tó ń dẹ iṣan yìí. Bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè tí nǹkan oṣù sì dúró, á tún dẹ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí màmá àgbà kan fi lè bímọ mẹ́fà láìsí wàhálà, kí ìtọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í já nígbà tó pé ọgọ́ta ọdún.

Àwọn ohun tí àwọn obìnrin ń ṣe sí i ní kọ̀rọ̀ ló bà mí lẹ́rù. Àwọn kan ń ki álọ́ọ̀mù sí ojú ara, wọ́n ní yóò fún pọ̀. Òótọ́ ni pé ara á kọ́kọ́ gbẹ, á sì dà bíi pé ó fún. Awọ inú ibẹ̀ ni álọ́ọ̀mù ń gbẹ, tó ń bó, tó ń dá ọgbẹ́ sí. Kò lè dé ọ̀dọ̀ iṣan tó dẹ̀. Ọgbẹ́ sì ni àrùn ìbálòpọ̀ máa ń wá, títí kan kòkòrò HIV. Àwọn mìíràn ń lo áṣáà, àwọn mìíràn ń ra oògùn tí wọ́n ń polówó lórí fóònù, pé ọkọ kò ní lè fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó ń jókòó sórí omi gbígbóná tí wọ́n da Izal sí lẹ́yìn ìbímọ, ẹ dákun, ẹ sọ fún un pé ara tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya kì í ṣe ilẹ̀ ilé ìgbẹ́. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti fi fọ ara tó. Ẹlòmíràn tí ilé-ọmọ rẹ̀ ti ń yọ síta, aṣọ àkísà ló ń ká bọ ibẹ̀ kó má bàa jábọ́. Àkísà yẹn á jẹrà síbẹ̀.

Èyí tó gbilẹ̀ jù ni pé wọ́n á yéé mu omi. Obìnrin tó ń lọ sí Abẹ́òkúta láti Ìmẹ̀kọ kò ní fi omi kan ẹnu láti àárọ̀, kí ìtọ̀ má bàa gbọ̀n ọ́n nínú ọkọ̀. Ìtọ̀ tó ki tó sì pọ́n máa ń ta àpòòtọ̀, á tún mú kí ìtọ̀ máa gbọ̀n ọ́n léraléra. Ẹ máa mu omi yín. Ohun tí ẹ lè dín kù ni obì, nítorí káféènì wà nínú rẹ̀ bó ṣe wà nínú kọfí, káféènì a sì máa lé ìtọ̀.

Ọ̀rọ̀ dé orí ìtọ́jú. Ní 1948, ọkùnrin dókítà kan tó ń tọ́jú àwọn obìnrin ní Amẹ́ríkà, Arnold Kegel, kọ ìwé nípa bí òun ṣe ń kọ́ àwọn ìyá tí ìtọ̀ ń já lára wọn láti máa fún iṣan yìí pọ̀ kí wọ́n sì máa tú u. Láti ìgbà náà, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe eré ìdárayá náà káàkiri ayé. Wọ́n ti dán an wò dáadáa. Ní 2018, àwọn olùṣèwádìí Cochrane kó ìwádìí 31 jọ, láti orílẹ̀-èdè 14, lórí àwọn obìnrin 1,817. Nínú àwọn tí ìtọ̀ ń já lára wọn nígbà tí wọ́n bá sín tàbí tí wọ́n bá gbé ẹrù, ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ṣe eré ìdárayá náà ló sọ pé ó ti lọ. Lára àwọn tí kò ṣe é, ìdá 6 péré ni. Kò sí àgbo kankan ní gáréèjì tí mo mọ̀ tó ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ jókòó sórí àga, tàbí kí ẹ dùbúlẹ̀ kí ẹ sì ká orúnkún. Ẹ fojú inú wò ó pé ẹ wà láàrin àwọn àna yín, ìsó wá fẹ́ já. Bí ẹ ó ṣe fún ihò ìdí pa kó má bàa já, ẹ fún un bẹ́ẹ̀. Ẹ wá fi ti iwájú kún un, bí ẹni tó ń dá ìtọ̀ dúró. Ẹ óò mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan kan fà sókè sínú. Ibẹ̀ náà ni. Bí ikùn bá le gbandi, bí ìdí bá gbéra lórí àga, tàbí bí ẹ bá ń di èémí mú, ẹ ti ṣì í ṣe. Ẹ máa mí bí ẹ ti ń mí. Ẹ dì í mú, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé márùn-ún. Bó bá ti ń rọrùn, kí ẹ kà á dé mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ẹ tú u sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ sinmi tó bí ẹ ṣe dì í mú tó. Ìtúsílẹ̀ yẹn wà lára iṣẹ́ náà, ọ̀pọ̀ ló sì ń fò ó. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀, ní ká ṣe é ó kéré tán ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ lẹ́ẹ̀kan, nígbà mẹ́ta lóòjọ́, fún oṣù mẹ́ta gbáko. Lẹ́yìn ìrun, nídìí agbada gààrí, nígbà tí ọmọ bá ń mu ọyàn: kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹ ń ṣe é.

Ẹ tún kọ́ èyí mọ́ ọn: kí ẹ tó sín, kí ẹ tó wúkọ́, kí ẹ tó gbé kẹ́ẹ̀gì, ẹ kọ́kọ́ fún un mú. Bí ẹ bá ń gbé ẹrù, ẹ mí síta. Ẹ má di èémí mú bíi ti ìyá ọjà tí mo sọ níṣàájú. Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀ o. Ẹ lè dá ìtọ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan láti mọ ibi tí iṣan wà, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ di àṣà nígbà tí ẹ bá ń tọ̀. Ìtọ̀ tó ṣẹ́kù sínú àpòòtọ̀ lè di àrùn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ṣe é fúnra wọn ló ń ṣì í ṣe, wọ́n á máa ti nǹkan sísàlẹ̀ dípò kí wọ́n fà á sókè. Iṣẹ́ físíò, ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan, ló wọ ibẹ̀. Àwọn kan ń rò pé ẹni tó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ nìkan ni físíò wà fún. Láti 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ yìí, ẹ̀ka físíò sì wà ní ọsibítù FMC Ìdí-Àbà l'Ábẹ́òkúta, ó wà ní UCH Ìbàdàn, ó wà ní ọsibítù Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù. Ẹni tó bá ń gba ìtọ́jú lápá Bẹ̀nẹ̀, kó béèrè fún "kiné". Físíò á béèrè iye ìgbà tí ẹ ń tọ̀, ohun tí ẹ ń mu, iye ọmọ tí ẹ bí àti bí ìgbẹ́ yín ṣe rí. Ó lè ní kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè fa ìlà sára ògiri. Ó lè fẹ́ fi ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ yẹ ibẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá iṣan ń fà. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé obìnrin ni ẹ fẹ́, kí ẹ mú ẹnì kan dání wọlé, tàbí kí ẹ ní ẹ kò fẹ́ ìyẹn lónìí.

Eré ìdárayá yìí kò tọ́ sí gbogbo èèyàn, èyí sì ni ìkìlọ̀ tí àwọn tó ń kọ́ ọ lórí fóònù kì í ṣe. Àwọn kan wà tí iṣan tiwọn le jù: ìbálòpọ̀ ń dùn wọ́n, ìtọ̀ kì í dà tán, ìgbẹ́ kì í fẹ́ jáde, ìsàlẹ̀ ń ro wọ́n. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tún ń fún un pọ̀, ìrora á lé sí i. Ohun tí físíò máa ń kọ́ wọn ni bí wọ́n ṣe lè rọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ti mu àgbo jẹ̀dí títí nítorí ìrora ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni tiwọn ti ṣẹ̀.

Obìnrin tí ìtọ̀ ń kán lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru láìdáwọ́ dúró lẹ́yìn ìrọbí tó pẹ́, yálà ọmọ yè tàbí kò yè, eré ìdárayá kọ́ ló ń wá. Ihò ló ti lu láàrin àpòòtọ̀ àti ojú ara. Kì í ṣe àfọwọ́fà, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, èpè kọ́. Bí wọ́n bá tètè gbé e lọ, tí dókítà fi rọ́bà sí i láti máa fa ìtọ̀ jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ihò kékeré lè di fúnra rẹ̀. Èyí tó tóbi, iṣẹ́ abẹ ni, wọ́n sì ń ṣe é ní Nàìjíríà. Ní apá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ọsibítù Wesley Guild n'Íléṣà ti pẹ́ nídìí rẹ̀. Ẹ má lé e jáde nílé nítorí òórùn.

Ẹ tètè rí dókítà bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìtọ̀, bí ẹ̀jẹ̀ bá tún ń wá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró, tàbí bí ìtọ̀ bá ń ta yín pẹ̀lú ibà. Ẹni tí ìtọ̀ pọ̀ lójú rẹ̀, tí òǹgbẹ sì ń gbẹ ẹ́, kó lọ yẹ ṣúgà wò. Bí ìtọ̀ bá sé lójijì, tí ẹsẹ̀ rọ, tí ibi tí a fi ń jókòó sì kú tipiri, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbéra.

Ní ti ilé-ọmọ tó ń sọ̀ kalẹ̀: bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí ìyá ń rí i bíi pé ẹyin kan wà lẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́, tó sì ń wọlé bó bá dùbúlẹ̀, iṣẹ́ físíò lè ràn án lọ́wọ́. Èyí tó ti jáde pátá, dókítà lè fi òrùka rọ́bà gbé e dúró, tàbí kó ṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹ má kánjú lọ sábẹ́ ọ̀bẹ. Ní oṣù kẹrin 2019, ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ní kí àwọn ilé iṣẹ́ dẹ́kun títa àwọ̀n tí wọ́n ń gba ojú ara fi sínú obìnrin láti gbé ilé-ọmọ dúró, nítorí wọn kò lè fi hàn pé àǹfààní rẹ̀ ju ewu rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kò ṣeé fò dá, pàápàá ní Ìmẹ̀kọ, níbi tí wọ́n sin Pásítọ̀ Oshoffa, olùdásílẹ̀ ìjọ Sẹ̀lẹ́, sí ní 1985, tí ọmọ ìjọ náà ń ya wá lọ́dọọdún nígbà Kérésì. Ẹ ro obìnrin tí ìtọ̀ ń já lára rẹ̀ nínú sùtánà funfun, tó kúnlẹ̀ fún ìsìn òru. Àwọn kan á kúkú jókòó sílé. Ìyá mùsùlùmí náà ń rò pé alùwàlá òun kò dúró mọ́, á wá yẹra fún mọ́ṣáláṣí. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àáfà: ìlànà wà nínú ẹ̀sìn fún ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ kò dúró, kò ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ìrun sílẹ̀. Mo sì bẹ àwọn wòlíì àti àáfà pé bí obìnrin bá gbé ọ̀rọ̀ yìí wá, kí wọ́n darí rẹ̀ sí ọsibítù kí wọ́n tó mẹ́nu ba ààwẹ̀.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi yẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́. Bí ẹ bá sì ti ṣiṣẹ́ abẹ próstéètì tí ìtọ̀ wá ń já, iṣan kan náà ni, físíò kan náà ló lè tọ́ ọ.

Ọmọ á kọ́kọ́ gba àjẹsára ní ọjọ́ tí wọ́n bí i, á tún padà lọ gbà á nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìyá tó ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ fún abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, kó má kàn na ọmọ sí nọ́ọ̀sì kó máa lọ sílé. Kó sọ fún un pé: "Nọ́ọ̀sì, bí mo bá sín, ìtọ̀ ń já mọ́ mi lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìwé fún mi lọ sọ́dọ̀ físíò."